Jupp Heynckes, Atamátàsé Tó Di Akọ́nimọ̀ọ́gbá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀nà méjì ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa gbà mọ orúkọ Jupp Heynckes. Àwọn tó ti ń tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù Jámánì láti ìgbà tí Jay-Jay Okocha wà ní Frankfurt mọ̀ ọ́n sí akọ́nimọ̀ọ́gbá líle tó fìyà jẹ ọmọ wọn. Àwọn tó gbọ́njú lẹ́yìn ìgbà náà mọ̀ ọ́n sí àgbàlagbà oníwà pẹ̀lẹ́ tó gba ife mẹ́ta ní sáà kan ṣoṣo pẹ̀lú Bayern Munich. Ẹnì kan náà ni. Èrò wa nínú àwọn ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ yìí ni pé ohun tó kọ́ láàárín ọdún 1994 sí ọdún 2013 ló sọ ọ́ di ògbóǹtarìgì akọ́nimọ̀ọ́gbá, kì í ṣe góòlù tó gbá nígbà èwe rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé góòlù náà pọ̀ rẹpẹtẹ.

Ta ni Jupp Heynckes, irú ilé wo ló sì ti jáde?

Josef ni wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n Jupp ni àwọn ará agbègbè odò Rhine máa ń gé orúkọ náà kúrú sí. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1945, ọjọ́ kejì tí Jámánì túúbá nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ní Mönchengladbach, ìlú àwọn ahunṣọ tí kò jìnnà sí ààlà Họ́láǹdì. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá ni wọ́n bí nínú ilé náà, òun sì ni ìkẹsàn-án. Kí bọ́ọ̀lù tó di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, iṣẹ́ rírẹ́ ògiri ilé ló kọ́. Ẹgbẹ́ kékeré kan ládùúgbò, Grün-Weiß Holt, ló ti kọ́kọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù kí Borussia Mönchengladbach, ẹgbẹ́ tí wọ́n máa ń pè ní Gladbach, tó mú un.

Irú agbábọ́ọ̀lù wo ni nígbà tó wà lórí pápá?

Ẹ má fi ojú atamátàsé gíga tó ń dúró de bọ́ọ̀lù níwájú ilé wò ó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, apá òsì ló sì sábà máa ń gbà já wọ ojú ilé. Irú bọ́ọ̀lù tí Hennes Weisweiler, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dé Gladbach ní ọdún 1964, fẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn: kí wọ́n já bọ́ọ̀lù gbà, kí wọ́n sì kọjú sí ilé alátakò ní kíá, kí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn tó rí àyè tò. Günter Netzer ni yóò gbé bọ́ọ̀lù gígùn síwájú láti àárín pápá, Heynckes yóò sì ti wà níbi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí. Nítorí pé ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n sì ń sáré bí ẹṣin tí a kò tíì kó ìjánu sí lẹ́nu, Fohlen ni àwọn ará Jámánì ń pè wọ́n, ìyẹn ọmọ ẹṣin.

Gladbach gòkè wá sí Bundesliga, líìgì àgbà ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1965, ọdún kan náà tí Bayern Munich gòkè. Lọ́dún 1967, Heynckes lọ sí Hannover 96, ṣùgbọ́n nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣẹnuure fún un níbẹ̀: góòlù 25 péré ló gbá wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 86. Ó padà sílé ní ọdún 1970, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1978. Góòlù tó gbá wọlé fún Gladbach nínú Bundesliga jẹ́ 195 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 283. Tí a bá kó ti Hannover mọ́ ọn, ó di góòlù 220 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 369. Ẹni mẹ́ta péré ló ní jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn líìgì náà: Gerd Müller tó ní 365, Robert Lewandowski tó ní 312, àti Klaus Fischer tó ní 268. Lọ́dún 1974, òun àti Müller jọ gbá góòlù 30, wọ́n sì jọ pín ipò ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun nìkan ló gba ipò náà. Ní ti àwọn ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù, góòlù 51 ló gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 64. Atamátàsé òde òní mélòó ló lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀?

Àwọn ife wo ló gbà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù?

Ó gba Bundesliga lẹ́ẹ̀mẹrin pẹ̀lú Gladbach, ní ọdún 1971, 1975, 1976 àti 1977, ó sì gba DFB-Pokal, ìyẹn ife àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1973. Ó gba ife UEFA, ìdíje kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, ní ọdún 1975, ọ̀nà tó sì gbà gba ìyẹn dára láti sọ nítorí ohun tó ṣáájú rẹ̀.

Lọ́dún 1973, Gladbach pàdé Liverpool nínú àṣekágbá ife UEFA, tí wọ́n máa ń gbá nílé àti lẹ́yìn odi nígbà náà. Ní Anfield, Liverpool fi góòlù mẹ́ta sí òdo na wọ́n, Ray Clemence sì mú pẹ́nárítì tí Heynckes gbá. Nígbà tí wọ́n padà sí Mönchengladbach, Heynckes nìkan ló gbá góòlù méjèèjì tí Gladbach fi borí, ṣùgbọ́n méjì kò tó mẹ́ta. Oṣù kan lẹ́yìn náà, nínú àṣekágbá DFB-Pokal pẹ̀lú Köln, ó tún pàdánù pẹ́nárítì mìíràn; Netzer, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá fi sórí bẹ́ǹṣì, ló dìde fúnra rẹ̀ wọ pápá lásìkò àfikún, tó sì gbá góòlù tó fún wọn ní ife. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Gladbach tún dé àṣekágbá ife UEFA, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú Twente láti Họ́láǹdì. Wọ́n ta ọ̀mì òdo sí òdo ní Jámánì, ni gbogbo èèyàn bá rò pé ife ti bọ́. Ní Enschede, Gladbach fi márùn-ún sí ẹyọ kan na Twente nílé wọn, Heynckes sì gbá mẹ́ta nínú rẹ̀.

Ṣé ó wà nínú ikọ̀ tó gba Ife Àgbáyé ọdún 1974?

Ó wà níbẹ̀, àmọ́ kò dé àṣekágbá lórí pápá. Ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pẹ̀lú Chile àti Ọsirélíà, àwọn mìíràn sì gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọdún 1972 dára fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó gbá bọ́ọ̀lù nínú àṣekágbá ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù ní Brussels, níbi tí Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì ti fi mẹ́ta sí òdo na Soviet. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 39 ló gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, góòlù 14 ló sì gbá wọlé. Ìyẹn kò pọ̀ fún ẹni tó mọ ojú ilé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí Gerd Müller bá wà níwájú rẹ̀ nínú ikọ̀ kan náà kò lè retí púpọ̀ jù.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wo ló fi parí iṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tó yani lẹ́nu jù nínú ìtàn Bundesliga ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1978, ọjọ́ tí líìgì máa parí, Köln àti Gladbach ní àmì kan náà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ góòlù Köln fi mẹ́wàá ju ti Gladbach lọ. Köln máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú St. Pauli ní Hamburg. Gladbach ní tiwọn máa kojú Borussia Dortmund ní pápá Rheinstadion ní Düsseldorf. Ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kò tíì parí tí Heynckes ti gbá ọ̀kan wọlé. Kí wọ́n tó lọ sinmi, ó ti di mẹ́fà sí òdo. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìkẹyìn, méjìlá sí òdo ni, Heynckes nìkan sì gbá márùn-ún nínú rẹ̀. Kò tíì sí ẹgbẹ́ tó fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ borí nínú líìgì náà láti ìgbà náà wá.

Síbẹ̀, Köln ló gba ife. Wọ́n ti fi márùn-ún sí òdo na St. Pauli, nígbà tí wọ́n sì ṣírò gbogbo rẹ̀, góòlù mẹ́ta péré ló kù kí Gladbach bá wọn dọ́gba. Dortmund lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Otto Rehhagel, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọkùnrin náà ló wá gba ife ilẹ̀ Yúróòpù fún Gíríìsì ní ọdún 2004. Ní ti Heynckes, ó gbá góòlù márùn-ún lọ́jọ́ tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kò sì rí ife kankan gbé lọ sílé.

Ṣé lóòótọ́ ni pé òpó ilé bọ́ọ̀lù wó lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?

Lóòótọ́ ni, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló sì wà láàárín méjèèjì. Àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1971, nígbà tí Gladbach ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Werder Bremen ní pápá Bökelberg. Ọ̀mì ẹyọ kan sí ẹyọ kan ni wọ́n ń ta, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti fẹ́ parí, ni Herbert Laumen, agbábọ́ọ̀lù Gladbach, bá fò sókè fún bọ́ọ̀lù, ó sì ṣubú sínú àwọ̀n. Igi ni òpó ilé nígbà náà. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kán mọ́lẹ̀, gbogbo ilé náà sì wó. Wọn kò rí i tún ṣe, wọn kò sì ní òmíràn tí wọ́n lè gbé wá, bí rẹfirí ṣe fòpin sí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà nìyẹn. Bremen ni ìgbìmọ̀ dá àre fún lẹ́yìn náà. Síbẹ̀, Gladbach ló gba líìgì lọ́dún yẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1998. Heynckes ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Real Madrid, wọ́n sì fẹ́ kojú Dortmund ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League. Àwọn alátìlẹyìn tó wà lẹ́yìn ilé kan ní Bernabéu rọ́ mọ́ ọgbà tí wọ́n so àwọ̀n mọ́, ọgbà náà fà á, ilé bọ́ọ̀lù sì dojú dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ó gba ohun tó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó gbé òmíràn dé láti pápá ìdánrawò ẹgbẹ́ náà. Real Madrid gbá góòlù méjì wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n sì tibẹ̀ dé àṣekágbá.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Ó kọ́kọ́ ṣe igbákejì fún Udo Lattek ní Gladbach. Nígbà tí Lattek kúrò ní ọdún 1979, wọ́n gbé ẹgbẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, àwọn kan lára àwọn tó ń kọ́ sì ti bá a gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ rí. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀ láìgba ife kankan. Ẹni tó bá wo ìṣirò yìí nìkan lè pè é ní aláṣetì, ṣùgbọ́n Gladbach kò lówó lọ́wọ́ mọ́, àwọn tó bá ti mọ bọ́ọ̀lù gbá níbẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ olówó sì ń kó lọ. Ní ọdún 1980, Eintracht Frankfurt gba ife UEFA mọ́ wọn lọ́wọ́ nítorí góòlù tí wọ́n gbá nílé onílé. Ní ọdún 1984, Gladbach, Stuttgart àti Hamburg ní àmì kan náà nígbà tí líìgì parí, ìyàtọ̀ góòlù ló sì gbé Gladbach sí ipò kẹta. Lọ́dún yẹn kan náà, Bayern fi pẹ́nárítì borí wọn nínú àṣekágbá DFB-Pokal. Lothar Matthäus, tí Heynckes tọ́ dàgbà nínú bọ́ọ̀lù, tó sì ti gbà láti lọ sí Bayern, wà lára àwọn tí pẹ́nárítì wọn kò wọlé.

Èyí tó dun àwọn alátìlẹyìn jù ni ti ọdún 1985. Wọ́n fi márùn-ún sí ẹyọ kan na Real Madrid ní Düsseldorf, wọ́n wá lọ sí Bernabéu lọ fìdí rẹmi pẹ̀lú mẹ́rin sí òdo, ni Real Madrid bá tẹ̀ síwájú.

Kí ló dé tí Bayern fi lé e ní ọdún 1991, tí wọ́n sì tún ń pè é padà?

Ó dé Bayern ní ọdún 1987, ó gba Bundesliga fún wọn ní ọdún 1989 àti 1990. Níbi ayẹyẹ ife ti ọdún 1990, níwájú èrò tó pé jọ ní gbàgede Marienplatz, ó ṣèlérí fún wọn pé àwọn yóò gbé ife ilẹ̀ Yúróòpù wálé lọ́dún tó ń bọ̀. Ìlérí tí ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ sọ kí ẹsẹ̀ tó ṣe é ni. Lọ́dún 1991, Red Star láti Belgrade ló yọ wọ́n kúrò ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá, ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn pátápátá, nígbà tí Klaus Augenthaler gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn. Sáà tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tí kò dára. Ní oṣù Kẹwàá, Uli Hoeneß, tó ń darí ètò ẹgbẹ́ náà, tó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, lé e. Hoeneß fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo àṣìṣe tí òun ṣe lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn ló tóbi jù. Nítorí náà, nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá rú Bayern lójú, Heynckes ni wọ́n máa ń pè.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti Jay-Jay Okocha ní Frankfurt?

Ìbéèrè tí àwọn òǹkàwé wa máa ń béèrè jù lọ nìyí. Heynckes gba Eintracht Frankfurt ní àárín ọdún 1994, lẹ́yìn tó ti lo ọdún méjì ní Athletic Bilbao ní Sípéènì. Ẹgbẹ́ tó bá nílẹ̀ kún fún ìràwọ̀. Tony Yeboah láti Gánà ni balógun ikọ̀, ó sì ti wà lára àwọn tí góòlù wọn pọ̀ jù nínú Bundesliga fún sáà méjì tẹ̀ léra. Maurizio Gaudino wà ní àárín pápá. Okocha ti dé láti Saarbrücken ní ọdún 1992, ó sì ti gbá góòlù kan sáwọ̀n Oliver Kahn ti Karlsruhe ní oṣù Kẹjọ ọdún 1993 tí àwọn ará Jámánì kò tíì gbàgbé: ó fa bọ́ọ̀lù sápá ọ̀tún, ó fà á sápá òsì, ó tún yí padà, Kahn àti àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ń ṣubú káàkiri, kó tó wá rọra gbá a wọlé. Góòlù náà ni wọ́n dìbò yàn gẹ́gẹ́ bíi góòlù ọdún náà ní Jámánì. Lọ́dún 1994, Okocha ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Tùnísíà pẹ̀lú Super Eagles, ó sì ti lọ sí Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ọmọdé tí èèyàn lè kàn máa jágbe mọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Heynckes ní tirẹ̀ gbà gbọ́ nígbà náà pé ètò ló ń mú ẹgbẹ́ dúró, àti pé ẹni tó bá ní ẹ̀bùn jù ló yẹ kó ṣiṣẹ́ jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 1994, lọ́jọ́ tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pẹ̀lú Hamburg, ọwọ́ tí àwọn mẹ́ta yìí fi mú ìdánrawò kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún lọ sáré sí i. Lẹ́yìn èyí ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ pé àwọn kò sí nípò tí àwọn fi lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ náà dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ di ti ìwé ìròyìn, kò sì sẹ́ni tó lè pa iná rẹ̀ mọ́. Kí oṣù Kìíní ọdún 1995 tó parí, Yeboah ti wà ní Leeds United, níbi tó ti di ààyò àwọn ará ibẹ̀ kíákíá. Gaudino lọ sí Manchester City. Okocha nìkan ló dúró tó sì padà sínú ikọ̀. Heynckes fúnra rẹ̀ kò pé sáà kan níbẹ̀: ní oṣù Kẹrin ọdún 1995, òun àti ẹgbẹ́ náà fẹnu kò pé kó máa lọ. Lọ́dún 1996, Frankfurt, tí kò tíì kúrò nínú Bundesliga rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ọdún 1963, já bọ́ sí ìpele kejì, Okocha sì gba Fenerbahçe lọ ní Tọ́kì.

Ní tiwa, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà kò yẹ kí wọ́n kọ̀ láti ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń gbowó lé lórí. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá tó bá ní Yeboah àti Gaudino lọ́wọ́, tó sì pàdánù wọn nítorí eré sísá, ti fi iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ṣòfò láàárín wákàtí kan. Agídí ló wà níbẹ̀ ju ìbáwí lọ.

Báwo ló ṣe ṣe ní Sípéènì, kí ló sì dé tí Real Madrid fi lé e lẹ́yìn tó gba ife?

Sípéènì ni ìwà rẹ̀ ti kọ́kọ́ rọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń pè é ní Don Jupp. Ní Bilbao, níbi tí wọn kì í lo agbábọ́ọ̀lù tí kò bá jẹ mọ́ ẹ̀yà Basque, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi owó bo àìmọ̀ọ́ṣe mọ́lẹ̀. Ohun tó bá wà nílẹ̀ ni yóò fi ṣiṣẹ́, ó sì mú wọn dé ìdíje UEFA. Ní Tenerife, ẹgbẹ́ erékùṣù kékeré kan, ó dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ife UEFA ní ọdún 1997, kí Schalke tó dá wọn padà.

Real Madrid gbà á ní ọdún yẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń wá ife ilẹ̀ Yúróòpù keje tí wọn kò rí i. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ní Amsterdam, Predrag Mijatović gbá góòlù kan ṣoṣo tí wọ́n fi borí Juventus, ife náà sì wálé. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni Heynckes kúrò. Ìdí ni pé ipò kẹrin ni wọ́n parí sí nínú líìgì, àwọn alákòóso sì sọ pé kò káwọ́ àwọn ìràwọ̀ tó wà nínú ikọ̀. Ẹ wo bí ayé ṣe rí: ní Frankfurt, ó le jù; ní Madrid, wọ́n ní ó rọ̀ jù.

Ṣé ìgbà kan wà tí gbogbo nǹkan dojú rú fún un?

Láti ọdún 1999 títí di ọdún 2007 ni. Ní Benfica, ẹgbẹ́ Celta Vigo fi méje sí òdo na wọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 1999. Nígbà tó kúrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbì kankan rí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, José Mourinho lorúkọ rẹ̀. Ó padà sí Bilbao fún ọdún méjì, ó lọ sí Schalke, wọ́n sì lé e níbẹ̀ ní ọdún 2004. Nígbà tó padà sí Gladbach ní ọdún 2006, ìjákulẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn kan ń halẹ̀ ikú mọ́ ọn nínú ìlú tí wọ́n bí i sí. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 2007, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ó ti parí nìyẹn.

Kí ló mú un padà sí ojú ayé?

Atamátàsé mìíràn tó di akọ́nimọ̀ọ́gbá, Jürgen Klinsmann, ni Bayern lé ní oṣù Kẹrin ọdún 2009 nígbà tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré kù. Hoeneß tẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láago. Heynckes borí nínú mẹ́rin, ó ta ọ̀mì nínú ẹyọ kan, Bayern sì parí sí ipò kejì. Bayer Leverkusen ló gbà á lẹ́yìn ìyẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 24 àkọ́kọ́ ní sáà tó dé ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò sì rí wọn nà. Ó fi wọ́n sí ipò kejì ní ọdún 2011, ó sì gba Bayern lọ fún ìgbà kẹta.

Ipa wo ló kó nínú ìgbésí ayé David Alaba?

Ìlú Vienna ní Ọ́stríà ni wọ́n bí Alaba sí ní ọdún 1992, ọmọ Ògèrè Rẹ́mọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ni bàbá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi dùn létí wa. Kì í ṣe Heynckes ló kọ́kọ́ gbé e wọ ikọ̀ àgbà Bayern; Louis van Gaal ló ṣe ìyẹn. Àmọ́ van Gaal àti àwọn mìíràn kò tíì pinnu ibi tí wọ́n fẹ́ fi í sí, àárín pápá sì ni Alaba fúnra rẹ̀ fẹ́ràn. Heynckes ló fi í sí ẹ̀yìn lápá òsì ní ìdajì kejì sáà 2011 sí 2012, tó gbé Philipp Lahm lọ sápá ọ̀tún nítorí rẹ̀, tí kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Alẹ́ kan wà tó fi ohun tí Heynckes rí lára ọmọ náà hàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2012, Bayern wà ní Bernabéu fún ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bọ́ọ̀lù fi ba Alaba lọ́wọ́ níwájú ilé wọn. Pẹ́nárítì ni, Cristiano Ronaldo sì gbá a wọlé. Wọ́n fún Alaba ní káàdì yẹ́lò tó túmọ̀ sí pé kò ní lè gbá àṣekágbá, bí wọ́n bá tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ì bá ti yọ ọ́ kí ọkàn rẹ̀ tó dàrú. Heynckes fi í sílẹ̀ fún gbogbo ọgọ́fà ìṣẹ́jú, nígbà tí ọ̀rọ̀ sì di ti pẹ́nárítì, Alaba ló kọ́kọ́ gbá fún Bayern. Ó gbá a wọlé mọ́ Iker Casillas lọ́wọ́. Toni Kroos àti Lahm pàdánù tiwọn, ṣùgbọ́n Bayern ló borí.

Kí ló ṣẹlẹ̀ nínú àṣekágbá ọdún 2012?

Ó wà lára àwọn alẹ́ tó burú jù fún ẹgbẹ́ náà, nítorí pápá tiwọn ní Munich ni wọ́n ti gbá a. Thomas Müller gbá góòlù ní ìṣẹ́jú 83, Didier Drogba fi orí gbá ti Chelsea wọlé ní ìṣẹ́jú 88. Arjen Robben pàdánù pẹ́nárítì lásìkò àfikún. John Obi Mikel ọmọ Nàìjíríà wà láàárín pápá fún Chelsea láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Chelsea sì fi pẹ́nárítì gbé ife lọ. Ipò kejì ni Bayern wà nínú ìdíje mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n kópa nínú rẹ̀ lọ́dún náà.

Báwo ló ṣe wá gba ife mẹ́ta ní ọdún tó tẹ̀ lé e?

Kò tú ikọ̀ náà ká. Ohun tó béèrè fún jù lọ ni Javi Martínez láti Bilbao, ẹgbẹ́ tó ti kọ́ rí, Bayern sì san mílíọ̀nù 40 owó yúrò lé e lórí. Martínez àti Bastian Schweinsteiger ló wá ń ṣọ́ àárín. Ohun tó yani lẹ́nu jù ni Robben àti Franck Ribéry. Ìràwọ̀ tó le bí okùn ọrun ni àwọn méjèèjì, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í sábà wọ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, a rí wọn tí wọ́n ń sá padà wá ṣọ́ ẹ̀yìn fún Lahm àti Alaba. Ọkùnrin tí kò rí Okocha mú sáré ní ọdún 1994 ló rí àwọn yìí mú sáré. Kò jágbe mọ́ wọn. Ó máa ń pè wọ́n sọ́tọ̀, ó ń ṣàlàyé fún wọn, ẹni tó bá sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ ìdí tó fi wà níbẹ̀.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 28 péré ni wọ́n ti gbá tí wọ́n fi gba líìgì. Àmì 91 ni wọ́n fi parí, 25 ju ti Dortmund tó ṣe ipò kejì. Góòlù 18 péré ló sì wọ ilé wọn ní gbogbo sáà. Nínú Champions League, Alaba gbá góòlù sáwọ̀n Juventus kí ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tó pé. Wọ́n na Barcelona ní mẹ́rin sí òdo nílé, wọ́n sì tún na wọ́n ní mẹ́ta sí òdo lẹ́yìn odi. Ní Wembley, ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Robben, ẹni tó pàdánù pẹ́nárítì lọ́dún tó kọjá, ló gbá góòlù kejì sáwọ̀n Dortmund ní ìṣẹ́jú 89, ó di méjì sí ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, wọ́n fi mẹ́ta sí méjì na Stuttgart nínú àṣekágbá DFB-Pokal. Kò sí ẹgbẹ́ Jámánì tó ṣe irú rẹ̀ rí kó tó dìgbà náà.

Láti oṣù Kìíní ọdún náà ni Bayern ti kéde pé Pep Guardiola ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn nínú líìgì lọ́dún yẹn sì bọ́ sí Mönchengladbach. Bayern borí ní mẹ́rin sí mẹ́ta, Heynckes sì sunkún lójú àwọn oníròyìn.

Ṣé kò tún padà mọ́ lẹ́yìn náà?

Ó padà. Nígbà tí Bayern lé Carlo Ancelotti ní ọdún 2017, ẹni ọdún 72 ni, ó sì ti wà lórí oko rẹ̀ ní Schwalmtal pẹ̀lú ìyàwó àti ajá rẹ̀. Dortmund fi àmì márùn-ún ṣáájú nígbà tó dé ní oṣù Kẹwàá. Nígbà tí líìgì parí, Bayern ló fi àmì 21 ṣáájú ẹni tó tẹ̀ lé wọn. Real Madrid dá wọn dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League, Frankfurt sì gba DFB-Pokal mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló gba Bundesliga gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, iye kan náà tó fi gbà á gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù.

Ṣé ó kọ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè Jámánì rí?

Rárá. Rudi Völler, tó jẹ́ atamátàsé bíi tirẹ̀, kọ́ ọ, ó sì mú un dé àṣekágbá Ife Àgbáyé ọdún 2002. Klinsmann kọ́ ọ, ó sì ṣe ipò kẹta nílé ní ọdún 2006. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nìkan ni Heynckes kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ní Jámánì, Sípéènì àti Pọ́túgà. Nínú Bundesliga nìkan, tí a bá da èyí tó gbá pọ̀ mọ́ èyí tó darí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni.